Àga Tí Mo Fi Ọwọ́ Kan Gbé Bọ̀ láti Àbújá

Àwọn tó wà ní gáréèjì lọ́jọ́ tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Àbújá ti fi mí rẹ́rìn-ín tó. Wọ́n ní ìyá àgbàlagbà lọ sí olú-ìlú Nàìjíríà, kò ra aṣọ bọ̀, kò ra bàtà bọ̀, àga ìjókòó kan ṣoṣo ló gbé dání. Ìyá Rísí tó ń ta búrẹ́dì bi mí pé, "Tíṣà, ṣé wọn ò fún yín níbi tẹ́ ẹ máa jókòó sí nínú ọkọ̀ ni?" Mo ní wọ́n fún mi. Ó ní kí ni mo wá ń gbé àga kiri sí. Mo sọ fún un pé màá kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè kà á dáadáa, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ lórí ìdúró.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ jíjìn rí mọ bí ó ṣe ń rí. Ibi tí mo dé, àwọn tí mo bá níbẹ̀, àti ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Wuye

Ọmọ mi obìnrin, Fúnmiláyọ̀, ló ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Wuye ló sì ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn kan, Tèmítáyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kí n tó kúrò nílé, àwọn kan ti kìlọ̀ fún mi pé àwọn ará ibẹ̀ kì í kí èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n tún èyí ṣe. Mẹ́gáàdì ẹnu ọ̀nà wọn, ọmọ Hausa, lẹni àkọ́kọ́ tó kí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Sànnu, Mama. Sànnu da zuwa." "Ẹ kú àbọ̀" nìyẹn. Ó béèrè àárẹ̀ mi, ó béèrè àwọn tí mo fi sílẹ̀ nílé, ó béèrè òjò ìlú wa. Fúnmi kọ́ mi pé kí n máa dáhùn pé "yauwa". Mo sọ "yauwa" títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Ẹni tí kò kí mi ni ọkùnrin tó ń gbé òkè wa, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ọmọ Èkìtì pàápàá. Fóònù ló máa ń wà létí rẹ̀. Mo kí i lọ́jọ́ kìíní, mo kí i lọ́jọ́ kejì, mo kí i lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin ó yọ fóònù kúrò létí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Mà, ẹ ti borí." Láti ọjọ́ náà, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi.

Tèmítáyọ̀ gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Mi ò bá a jà. Mo ń bá Yorùbá mi lọ, òun náà ń bá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ, a sì ń gbọ́ra wa yé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, a ń jẹ máṣà, oúnjẹ ìrẹsì àwọn Hausa tó rí róbótó, tó rọ̀, tó kan díẹ̀ lẹ́nu. Ọbẹ̀ ẹlẹ́gùúsí tí wọ́n fi elégédé sè ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Mo ń jẹ ẹ̀kẹta nígbà tí mo rí i pé Tèmítáyọ̀ ti fì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ iwájú àga rẹ̀ méjèèjì ti kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ ní kíláàsì láti bí ọgbọ̀n ọdún jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Mo ní, "Ẹsẹ̀ mẹ́rin nílẹ̀!"

Ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe máa ń dáhùn: "Àga kì í ṣe ẹṣin!"

Bí mo ṣe yíjú, mo rí ọkùnrin gíga kan tó ti dọ̀bálẹ̀. Mùfútàú ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá a kàwé ní ilé-ìwé wa á rántí rẹ̀. Nígbà tó wà ní kíláàsì karùn-ún, àga mẹ́ta ló fì ṣẹ́ láàárín ọdún kan. Mo bi í pé kí ló dà báyìí. Ó ní káfíńtà lòun.

Fúnmi rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, àga ló ń ṣe."

Mo ní, "Ó yẹ kó ṣe é. Ó jẹ wá ní mẹ́ta."

Mùfútàú bá wa jókòó, ó jẹ máṣà márùn-ún, ó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àga rẹ̀ wà nílẹ̀. Nígbà tó ṣetán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹ wá ni mo ṣe wá kí yín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá wo nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ ju agbára mi lọ."

Igi tó ti ṣubú

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Wuye. Òun àti ọkùnrin mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Pákó tí mo bá níbẹ̀ kò jọ ti ibòmíràn. Mo rí dóńgóyárò, mo rí màǹgòrò, mo rí igi àjà ilé àtijọ́ tí ihò ìṣó ṣì wà lára rẹ̀. Mùfútàú ní òun kì í ra igi tí wọ́n gé nínú igbó. Igi tí wọ́n bá gé nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń fẹ̀, igi tí ìjì bá wó, àti àwókù ilé, ìyẹn lòun ń lò.

Mo bi í ní ìdí. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, òun bá ọ̀gá òun wọ igbó kan lọ gé igi apá. Odò kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń mu. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òun tún gba ibẹ̀ kọjá, igi ti tán, odò náà sì ti di iyanrìn. "Tíṣà, mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó jalè. Mo ní igi tó bá dúró, wọn ò tún ní í gé e nítorí tèmi."

Ìpinnu tó dára ni, ṣùgbọ́n ebi ń pa á. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó wà l'Ábújá ti kọ́ gbọ̀ngàn ńlá sí Bwari, wọ́n sì ń wá àga tí yóò kún inú rẹ̀. Mùfútàú ti gbé àga kan lọ bá wọn. Ó wúwo, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, torí irú igi tó ń lò kì í pọ̀ nílẹ̀. Ó tún ṣe òmíràn tó fúyẹ́. Alága ẹgbẹ́ fi ọwọ́ kan gbé e, ó ní, "Ṣé ti jẹ́lé-ó-sinmi ni?" Wọ́n wá fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá rí ohun tó dára mú wá, àga rọ́bà ni wọ́n máa rà.

Ó ní, "Oníṣòwò kan tó ń kó àga wọlé láti òkè òkun ti ní kí n wá máa bá òun tajà. Bí n ò bá rí iṣẹ́ Bwari yìí, màá ti ṣọ́ọ̀bù pa, màá lọ. Àwọn mẹ́rin yìí á padà sílé. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé igi àti èrè ò lè gbé inú ilé kan."

Mo gbìyànjú láti gbé àga tó wúwo náà. Mi ò lè gbé e. Mo gbé èyí tó fúyẹ́, mo mì í, ẹ̀yìn rẹ̀ ń jó.

Mo bi í pé, "Mùfútàú, níbo ni àga ti ń ṣẹ́?"

"Níbi gbogbo, mà."

"Rárá. Tún un sọ."

Ó ń wo àga méjèèjì. Mo wá rán an létí pé èmi ni wọ́n fi àga ilé-ìwé sí níkàáwọ́ fún ọdún púpọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣẹ́ ẹ àti ibi tó ti ṣẹ́. Mi ò rí i kí ẹsẹ̀ iwájú ṣẹ́. Mi ò rí i kí pákó ìjókòó ṣẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti pàdé ìjókòó ni, ibi tí ẹni tó bá fì sẹ́yìn gbé gbogbo ara rẹ̀ lé.

Mo ní, "Ìwọ lo kọ́ mi. Ibẹ̀ gan-an lo ti ṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Kwali

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ lọ wo màǹgòrò kan tí ìjì wó ní oko kan ní Kwali, mo sì bá a lọ. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ni àwa ń pè ní Gwárí, ṣùgbọ́n Gbagyi ni wọ́n ń pe ara wọn, ó sì yẹ ká máa pe èèyàn ní ohun tó ń pe ara rẹ̀. Èjìká ni àwọn obìnrin wọn fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lérí. Mo rí ọ̀kan tó ru igi ìdáná rẹpẹtẹ sí èjìká, tó ń rìn lọ bí ẹni pé kò ru nǹkan kan. Òun náà ń wo gèlè mi. Àwa méjèèjì jọ ń ya ara wa lẹ́nu.

Ẹni tó ni màǹgòrò náà jẹ́ ìyá àgbàlagbà tó ń mọ ìkòkò. Mama Ladi ni wọ́n ń pè é. Hausa ló ń sọ, Mùfútàú sì ń túmọ̀ fún mi. Ó fún wa ní kúnú, ohun mímu tí wọ́n fi ọkà ṣe, nínú igbá. Atalẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé omi bọ́ lójú mi. Ó rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bu kún un.

Mo gbé ìkòkò rẹ̀ kan tó ti sun nínú iná. Ó tóbi, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Mo ní kí Mùfútàú bi í pé kí ló dé tí kò fi amọ̀ kún un, kó lè lágbára. Ìyá náà wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tó bá sọ pé méjì àti méjì jẹ́ márùn-ún.

Ó ní, "Kai, Mama." Ó dìde, ó lọ mú àpáàdì kan wá láti ẹ̀yìn ilé. Ó nípọn bí ìdí odó, ó sì ti là. "Eléyìí nípọn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni mo mọ ọ́n. Iná ò fẹ́ràn rẹ̀." Ó fi ìka ta èyí tó fẹ́lẹ́, ó dún bí agogo. Lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ mi, ó fi í sí ọrùn ìkòkò náà. Ibẹ̀ nìkan ló nípọn. "Ibi tí ọwọ́ máa ń di mú nìyí. Ibi tí ìyà bá ti ń jẹ ẹ́ ni mo ń fi amọ̀ sí. Ibi tí ìyà ò sí, kí ni màá fi amọ̀ ṣòfò sí?"

Mùfútàú túmọ̀ rẹ̀ dé àárín, ó dákẹ́. Mo ní, "Parí rẹ̀." Ó parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́.

Kí wọ́n tó fi ayùn kan màǹgòrò náà, Mùfútàú mú irúgbìn màǹgòrò kékeré kan jáde láti inú ọkọ̀, ó gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí èyí tó wó wà. Àṣà rẹ̀ nìyẹn, kì í gé kó tó gbìn. Mama Ladi ló bomi sí i. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Mùfútàú ní kí n yá òun ní bírò, ó sì ń ya àga sára páálí ní gbogbo ọ̀nà.

Nígbà tí àga náà parí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́ lókè, ó fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, àmọ́ ibi tó ti pàdé ìjókòó wú gbọ̀ngbọ̀n bí ejò tó gbé ewúrẹ́ mì. Mo ní kò lẹ́wà. Ó fá a sí i títí wíwú náà fi rọra wọlé bí orúnkún ọmọdé, mo ní ó tó báyìí. Kò sí ìṣó nínú rẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù. Ó gbẹ́ ahọ́n sí orí igi kan, ó lu ihò sí èkejì, ó ti ahọ́n bọ ihò, ó sì fi èèkàn igi dè é. Igi tó máa ń di àga méjì tẹ́lẹ̀ wá di mẹ́ta, láìfi kún iye tí ẹgbẹ́ ti sọ pé àwọn lè san. Èrè rẹ̀ wà nínú igi tí kò fi ṣòfò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi kún un, mo ní kó dan abẹ́ ìjókòó náà, torí ibẹ̀ ni aṣọ ti máa ń ya.

Bwari

Òkè yí Bwari ká, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù ju ti àárín ìlú lọ. Nínú gbọ̀ngàn tuntun náà ni ìgbìmọ̀ ti ń dúró dè wá. Àwọn àgbà ọkùnrin jókòó níwájú, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn. Alága jẹ́ ọ̀gá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sanra, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Ìwé tí wọ́n ya àwòrán àga rọ́bà sí ti wà lórí tábìlì rẹ̀.

Mùfútàú gbé àga méjì kalẹ̀. Alága dìde, ó sì ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe tí a bá fẹ́ ra àga. Ó fi ọwọ́ kan gbé e bí ẹni ń wọn iṣu, ó fi ìka kàn án kọ́kọ́kọ́. Ó gbé e sílẹ̀.

"Mufu, o tún ti gbé ìyẹ́ adìyẹ wá."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Atẹ́gùn Bwari á gbé e lọ." Mùfútàú sún sẹ́yìn. Ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe máa ń wò ó ní kíláàsì karùn-ún.

Alága ní kí wọ́n to àga sí ìlà, kí ìpàdé lè bẹ̀rẹ̀, àwọn á sì fọwọ́ sí ti rọ́bà. Àga ìrókò tí wọ́n kó wá láti ibi ìpàdé wọn àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n. Ariwo náà gba gbogbo gbọ̀ngàn, *karararara*. Mo fi ọwọ́ bo etí mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbọ́ ariwo yẹn láti kíláàsì kejì sí ìkẹta. Ìgbà yẹn ló wá yé mi, ohun tí n kò kọ sínú ìwé àga ṣíṣẹ́ mi. Mo dìde.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Tíṣà ni mí."

Ó ní, "Ẹ máa sọ ọ́, mà."

Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ gbé àga ìrókò kan láti ògiri yìí dé ògiri ọ̀hún, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó gbé e. Ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó mí kanlẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ.

Mo ní, "Ẹ dúró níbẹ̀." Mo di ẹ̀yìn àga náà mú, mo mì í. Ó ń yẹ̀ bí eyín àgbà. "Ẹ wò ó. Ó wúwo, nítorí náà ẹ wọ́ ọ. Ẹ wọ́ ọ, nítorí náà oríkèé rẹ̀ tú. Ìwúwo rẹ̀ yìí náà ló ń pa á. Ẹ sì wo ohun tó ṣe sí ilẹ̀ gbọ̀ngàn yín."

Gbogbo wọn wolẹ̀. Ó ti ha ilẹ̀ tuntun náà yánnayànna.

Ìyá Ẹgbẹ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ń to àga láti àárọ̀, sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Tíṣà, ẹ bá mi bi wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ̀n ọ́n bí iṣu, ṣé ẹ ti gbé e rí lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ rà á? Ta ló ń tò ó? Ta ló ń kó o?" Ó wá síwájú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé àga Mùfútàú kan, ó fi tòsì gbé èkejì, ó rìn yí gbọ̀ngàn náà po, ó sì ń kí àwọn ọkùnrin bó ṣe ń kọjá: "Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ìjókòó."

Ẹ̀rín wá yípadà sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Alága ní, "A gbà, ó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé ó lè gbé irú tèmi?" Ó jókòó sí i. Àga náà gbé e.

Mo wá sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ní ayé mi. Mo ní, "Ẹ fì sẹ́yìn, sà."

Mùfútàú gbójú sókè, ó wò mí. Alága fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú àga kúrò nílẹ̀, gbogbo ara ńlá rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì. Gbogbo èèyàn na ọrùn. Ó fì síwájú, ó fì sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì ń tàn sí i bíi ti ọmọ kíláàsì karùn-ún.

Ó ní, "Kò tiẹ̀ dún."

Ẹnì kan ní rọ́bà náà fúyẹ́, owó rẹ̀ sì kéré. Mùfútàú ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ ti padà. Ó fi òòlù ta èèkàn kan jáde lára àga kejì, ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó fi òmíràn tó mú wá rọ́pò rẹ̀ lójú gbogbo wọn, kí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà tó jókòó padà. "Bọ̀ọ̀dá mi, rọ́bà tó bá ṣẹ́, ààtàn ni. Èyí tó bá ṣẹ́, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ máa rà. Ọmọ yín á jókòó sí i, ọmọ ọmọ yín á jókòó sí i, igi kan ò sì ní í ṣubú nítorí yín."

Alága ṣì ń fì. Ó na ọwọ́ sí tábìlì, ó mú ìwé àga rọ́bà náà, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ó wí fún akọ̀wé. "Mufu ló máa ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo jókòó lé yìí, kí ẹnikẹ́ni má gbà á lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí a jáde, Mùfútàú jókòó sórí àga kejì lábẹ́ igi kan. Omi ló wà lójú rẹ̀, ó sì ti fì sẹ́yìn láìmọ̀.

Mo ní, "Mùfútàú."

Ó fi ẹsẹ̀ àga sílẹ̀ kíá. "Ẹ má bínú, mà."

Ilé

Àga kejì yẹn ló fún mi. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, mẹ́gáàdì fẹ́ bá mi gbé e, mo ní kó má ṣe ìyọnu, mo fi ọwọ́ kan gbé e. Ọkùnrin Èkìtì kí mi láti òkè. Tèmítáyọ̀ dì mọ́ mi, ó wo àga náà, ó sì sọ gbólóhùn Yorùbá àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Màmá, ẹsẹ̀ mẹ́rin nílẹ̀ o."

Ṣọ́ọ̀bù Mùfútàú ṣì wà ní ṣíṣí. Ó ti gba èèyàn méjì kún àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́, mo sì gbọ́ pé ilé ìjọsìn kan ní Kwali ti ń béèrè irú àga náà. Mama Ladi, tí Mùfútàú gbé ọ̀kan lọ fi hàn, ló júwe rẹ̀ fún wọn.

Ìyá Rísí, ìdí tí mo fi gbé àga wálé nìyẹn. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, wá jókòó sí i nígbà tó bá wù ọ́. Lánàá, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sí i, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, mo sì fì sẹ́yìn.

Kò dún.